Ohùn Ẹni Tí A Fẹ́: Bí Ewì Ìfẹ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Yí Padà Láti Ìgbà dé Ìgbà

Ewì ìfẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà lítíréṣọ̀ tí àwọn òǹkàwé sábà máa ń rò pé kì í yí padà, nítorí pé kò sí ìran tí ọkàn ẹnìkan kì í fà sí ti ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ka àwọn ewì ìfẹ́ tí a ti kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn yóò rí i pé, bí ìfẹ́ fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà, ẹni tí ó lẹ́nu ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, àti ohun tí ó lè sọ ní gbangba láìfi ẹ̀mí tàbí iyì rẹ̀ wéwu, ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí bá ìtàn náà mu gan-an, nítorí pé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ẹjọ́ ẹnìkan ni ewì ìfẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń rò: ọkùnrin ni ó ń sọ̀rọ̀, obìnrin tí ó ń torí rẹ̀ sunkún kì í sábà fèsì, òǹkàwé kò sì lè mọ̀ bóyá ó fẹ́ ìfẹ́ náà tàbí kò fẹ́ ẹ. Nítorí náà, ọ̀nà kan tí ó ṣe kedere láti tẹ̀lé ìyípadà inú ewì wọ̀nyí ni kí á máa béèrè, bí ìgbà kan ti ń lọ tí òmíràn ń dé, pé ta ni ó ń rojọ́, ta ni ó ń gbọ́, àti nígbà wo ni ẹni tí a fẹ́ gan-an rí àyè la ẹnu tirẹ̀.

Ìránṣẹ́ ìfẹ́ ní Sànmánì Agbedeméjì

A kò mọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin ìfẹ́ tí ó ṣẹ́ kù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́. Díẹ̀ nínú èyí tí ó dára jù lọ wà nínú ìwé àfọwọ́kọ kan tí wọ́n ń pè ní Harley 2253, tí a kọ ní nǹkan bí ọdún 1340, tí ó sì wà ní ilé ìkàwé British Library ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí. Nínú àwọn orin wọ̀nyí, ìrúwé igi, igbe ẹyẹ àti ẹwà ọmọbìnrin máa ń rìn pọ̀, ọkùnrin tí ó ń kọrin a sì máa kédàárò pé ìfẹ́ kò jẹ́ kí òun rí oorun sùn. Àṣà tí ó wà lẹ́yìn wọn ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìfẹ́ ààfin, tí àwọn akéwì-olórin gúúsù ilẹ̀ Faransé sọ di ńlá ní ọ̀rúndún kejìlá. Nínú ìfẹ́ ààfin, ọkùnrin a máa sọ ara rẹ̀ di ìránṣẹ́ obìnrin tí ó fẹ́ràn, a máa wárí fún un bí jagunjagun ṣe ń wárí fún olúwa rẹ̀, obìnrin náà sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ipò rẹ̀ ga tàbí tí ó ti wà nílé ọkọ, tí ọwọ́ kò lè tètè tó.

Geoffrey Chaucer, tí ó kú ní ọdún 1400, gba àṣà yìí wọlé, ṣùgbọ́n kò gbà á láìyẹ̀ ẹ́ wò. Nínú Troilus and Criseyde, ewì onítàn gígùn tí ó kọ ní àwọn ọdún 1380 nípa ọmọ ọba ìlú Troy kan àti opó tí ó fẹ́, ó jẹ́ kí òǹkàwé gbọ́ bí Criseyde ṣe ń da ọ̀rọ̀ náà rò, tí ó ń wò ó pé òun kò sí lábẹ́ ọkọ kankan mọ́, àti pé bí òun bá gba ọkùnrin mìíràn láyè, òmìnira náà lè bọ́ lọ́wọ́ òun. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni èyí nínú ìtàn ìfẹ́ ìgbà náà, pé kí ẹni tí a fẹ́ ní ìrònú tirẹ̀, kí akéwì sì fi sùúrù tẹ́tí sí i. Nínú ewì kan náà ni Chaucer ti mú ewì Petrarch kan, akéwì ilẹ̀ Ítálì, ó sọ ọ́ di orin onílà 21, ó sì fi í sí Troilus lẹ́nu. Èyí ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 150 ọdún kí ipa Petrarch tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan.

Petrarch wọ ààfin Henry Kẹjọ

Francesco Petrarch, tí ó gbé ayé láti 1304 sí 1374, ni ẹni tí àwọn akéwì ìfẹ́ Yúróòpù fara wé jù lọ. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti wí, inú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Avignon ni ó ti kọ́kọ́ rí obìnrin tí ó pè ní Laura, ní ọdún 1327, ó sì kó ewì 366 jọ sínú ìwé kan, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn dá lórí obìnrin yìí nígbà tí ó wà láàyè àti lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lára ọgbọ́n rẹ̀ ni kí ó máa fi ohun méjì tí kò bára mu ṣàpèjúwe ọkàn olólùfẹ́, kí iná máa jó o, kí òtútù sì máa mú un lẹ́ẹ̀kan náà, àti kí ó máa fi ẹwà obìnrin wé oòrùn, wúrà àti òkúta iyebíye. Ohun tí ó jọ Laura gan-an lójú, bóyá ó ń yọ̀ ni tàbí ó sú u, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Sónẹ́ẹ̀tì ni irú ewì tí Petrarch lò jù. Ewì onílà 14 ni, tí ìró tí ó parí àwọn ìlà rẹ̀ ń dá ara wọn lóhùn ní ètò kan pàtó, tí èrò inú rẹ̀ sì sábà máa ń yí ọ̀nà kí ó tó parí. Sir Thomas Wyatt, ìránṣẹ́ Ọba Henry Kẹjọ, rin ìrìn àjò lọ sí Ítálì ní 1527, òun ni ó sì mú sónẹ́ẹ̀tì wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ó túmọ̀ díẹ̀ nínú ewì Petrarch, tí ó sì tún àwọn mìíràn ṣe bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n ààfin tí Wyatt ń gbé léwu púpọ̀. Ní 1536, wọ́n tì í mọ́ Tower ní Lọ́ńdọ̀nù ní àkókò tí wọ́n fẹ̀sùn kan Anne Boleyn, ayaba, tí wọ́n sì bẹ́ Anne lórí. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ìfẹ́ inú ewì rẹ̀ kún fún àárẹ̀, ìfura àti ìbínú ọkùnrin tí ó mọ̀ pé ojú rere ààfin kì í pẹ́ yí padà.

Henry Howard, tí ó jẹ oyè Surrey, ni ó tún sónẹ́ẹ̀tì ṣe kí ó lè bá èdè Gẹ̀ẹ́sì mu, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ìparí wọn dún bákan náà kò pọ̀ nínú èdè náà tó ti Ítálì. Ó pín in sí ìsọ̀rí onílà mẹ́rin-mẹ́rin mẹ́ta, ó sì fi ìlà méjì tí ó dún bákan náà pa á dé. Wọ́n bẹ́ òun náà lórí ní 1547. Ní ayé wọn, ọwọ́ ọ̀rẹ́ sí ọwọ́ ọ̀rẹ́ ni irú ewì bẹ́ẹ̀ ń gbà kiri, ṣùgbọ́n ní 1557 Richard Tottel, atẹ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ewì àwọn méjèèjì pẹ̀lú ti àwọn ẹlòmíràn sínú ìwé kan. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ó jẹ́ ti ààfin ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹsẹ̀ wọn kò lè tẹ ààfin láéláé.

Nígbà tí sónẹ́ẹ̀tì gbòde kan

Ìwé tí ó sọ sónẹ́ẹ̀tì di àṣà tí ó gbòde ní àwọn ọdún 1590 ni Astrophil and Stella ti Sir Philip Sidney, tí ó ní sónẹ́ẹ̀tì 108 àti orin 11. Ọdún 1591 ni a tẹ̀ ẹ́, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí Sidney kú nítorí ọgbẹ́ tí ó gbà lójú ogun. Àwọn onímọ̀ gbà pé Penelope Devereux, tí ó ti di ìyàwó Lord Rich, ni Stella dúró fún, ìdí sì nìyẹn tí ìfẹ́ inú ìwé náà kò fi ní ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí. Edmund Spenser gba ọ̀nà mìíràn. Sónẹ́ẹ̀tì 89 tí ó pè ní Amoretti, tí ó jáde ní 1595, dá lórí Elizabeth Boyle tí ó ń fẹ́ sọ́nà, ó sì fi Epithalamion, ewì gígùn fún ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, sínú ìwé kan náà. Ìfẹ́ tí Petrarch fi sí ibi tí ọwọ́ kò tó ti wá di ohun tí ó lè wọ ilé, kí ó sì so èso.

Ìwé sónẹ́ẹ̀tì William Shakespeare, tí ó jáde ní 1609, ni ó da ètò àtijọ́ rú jù lọ. Nínú 154 tí ó wà níbẹ̀, 126 àkọ́kọ́ ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń kà sí ti ọ̀dọ́kùnrin arẹwà kan, nígbà tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù dá lórí obìnrin kan tí irun àti ẹyinjú rẹ̀ dúdú, tí kò bá ìwọ̀n ẹwà ìgbà náà mu. Nínú sónẹ́ẹ̀tì 130, akéwì náà yẹ àwọn àfiwé àṣà Petrarch wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi hàn pé àsọdùn ni wọ́n, ó sì dúró lé e pé obìnrin gidi tí ó ní àbùkù yẹ fún ìfẹ́ ju ère tí akéwì fi ẹnu gbẹ́ lọ. Nígbà tí John Benson tún àwọn ewì wọ̀nyí tẹ̀ ní 1640, ó yí ọ̀rọ̀ padà nínú díẹ̀ lára wọn kí ó lè dà bí ẹni pé obìnrin ni a kọ wọ́n sí, ó sì di 1780 kí Edmond Malone tó dá wọn padà sí bí wọ́n ṣe wà ní 1609. Ohun tí ewì ìfẹ́ lè sọ ní gbangba kò sí lọ́wọ́ akéwì nìkan.

Ní 1621, Lady Mary Wroth, ọmọ àbúrò Sidney, tẹ Pamphilia to Amphilanthus jáde, níbi tí obìnrin ti jẹ́ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, tí ọkùnrin sì jẹ́ ẹni tí a ń torí rẹ̀ jìyà. Ohun tí ó yẹ ní àfiyèsí ni pé Wroth kò fi ìlà púpọ̀ ṣòfò lórí ẹwà ara ọkùnrin náà. Owú, ìdúróṣinṣin àti ìjàkadì inú ọkàn obìnrin ni ó gbájú mọ́. Ìtàn àròsọ tí ó wà nínú ìwé kan náà bí ọlọ́lá kan nínú tí ó rò pé òun ni ó ń bú, ariwo tí ó tẹ̀lé e sì mú kí Wroth wá ọ̀nà láti kó ìwé náà kúrò lọ́jà.

Ìfẹ́ tí ó ń jiyàn

Ní ọ̀dọ̀ John Donne, tí ó gbé ayé láti 1572 sí 1631, ewì ìfẹ́ kúrò nínú ẹ̀bẹ̀ ó di àríyànjiyàn. Ó ń bá olólùfẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó jókòó tì í nínú yàrá, ó ń fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, òfin àti ẹ̀sìn gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, àfiwé rẹ̀ sì máa ń ti ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò wá. Ewì kan wà tí ó fi tọkọtaya tí ìrìn àjò fẹ́ yà wé ẹsẹ̀ méjì kọ́ńpáàsì tí àwọn oníṣirò fi ń ya òbìrípo, ọ̀kan dúró láàárín, ìkejì ń yí kiri, síbẹ̀ wọ́n so pọ̀ lókè. Àwọn akéwì tí ó kọ irú ewì báyìí ni a wá ń pè ní Metaphysical, èyí tí ó túmọ̀ sí pé wọ́n ń wá ìdí ohun tí ojú kò rí. Samuel Johnson, ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, bá wọn wí pé tipátipá ni wọ́n fi ń so ohun tí kò jọra pọ̀.

Donne san gbèsè ìfẹ́ tirẹ̀. Ní oṣù kejìlá 1601, ó gbé Anne More níyàwó ní bòńkẹ́lẹ́. Bàbá ìyàwó mú kí wọ́n jù ú sí ẹ̀wọ̀n, iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ Sir Thomas Egerton sì bọ́, wọ́n sì gbé nínú àìní fún ọ̀pọ̀ ọdún. Anne kú ní 1617 lẹ́yìn ìbímọ rẹ̀ kejìlá. Síbẹ̀, bí Donne ṣe súnmọ́ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ tó nínú ewì, èsì obìnrin náà kò sí níbẹ̀. Òǹkàwé ní láti fi ọgbọ́n gbọ́ ọ nínú bí ọkùnrin náà ṣe ń yí àwíjàre rẹ̀ padà.

Bí ogun abẹ́lé ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní 1642, tí wọ́n sì pa Ọba Charles Kìíní ní 1649, bí àkókò ṣe ń sáré tó di ọ̀rọ̀ pàtàkì nínú ewì ìfẹ́. Robert Herrick, àlùfáà tí ó tẹ Hesperides jáde ní 1648, rọ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n fẹ́ra nígbà tí ewé wọn ṣì tutù. Andrew Marvell gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ka orí ìṣirò mẹ́ta nínú ewì rẹ̀ sí obìnrin tí ó ń tijú, tí a tẹ̀ ní 1681, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀: bí àkókò bá pọ̀, ìyìn ìbá pọ̀; àkókò kò sí, ikú ń bọ̀; nítorí náà, kí ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn tí ìjọba ọba padà bọ̀ sípò ní 1660, ọ̀rọ̀ ara di ohun tí a ń sọ láìbò. Ìgbà yìí ni Aphra Behn, ọ̀kan lára àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí ó fi ìwé kíkọ jẹun, kọ ewì kan nípa ọkùnrin tí ara rẹ̀ já a kulẹ̀ lọ́dọ̀ obìnrin, tí ó sì sọ ìtàn náà dé ibi tí ìtìjú àti ìbínú obìnrin náà wà. Inú ìwé tí ó jẹ́ orúkọ ọkùnrin, Earl of Rochester, ni ewì yìí ti kọ́kọ́ jáde ní 1680, kí ó tó wá jáde ní orúkọ obìnrin tí ó kọ ọ́.

Láti inú ìlú lọ sínú ọkàn

Apá tí ó pọ̀ nínú ọ̀rúndún kejìdínlógún kò jẹ́ ìgbà ewì ìfẹ́, nítorí pé làákàyè, ìwà ọmọlúàbí àti ẹ̀fẹ̀ tí ń báni wí ni àwọn akéwì ìgbà náà gbé ga, tí wọ́n sì fi ìlà méjì-méjì tí ó dún bákan náà kọ. Alexander Pope ya àṣà náà díẹ̀ ní 1717, nígbà tí ó fi ohùn Eloisa, obìnrin ọ̀rúndún kejìlá tí ó di àgbà nínú ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn, kọ lẹ́tà ewì sí Abelard tí wọ́n ti yà á nípá. Obìnrin ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú agbára, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni ó di gègé mú.

Nígbà tí William Wordsworth àti Samuel Taylor Coleridge tẹ Lyrical Ballads jáde ní 1798, tí Wordsworth sì fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú gígùn kún un ní 1800, wọ́n ní kí ewì lo èdè tí àwọn ènìyàn ń sọ lójoojúmọ́, kí ó sì ti inú ìmọ̀lára tí a rántí ní ìfọ̀kànbalẹ̀ jáde. Ìgbà Romantic nìyí. Robert Burns, ọmọ àgbẹ̀ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, ti fi orin tí a ń kọ lóko àti nílé hàn ṣáájú pé èdè ìbílẹ̀ lásán lè gbé ìfẹ́ tí ó jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ó gbé ọkàn akéwì ga báyìí mú kí ẹni tí a fẹ́ tún dákẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lucy, ọmọbìnrin inú àwọn ewì Wordsworth, ti kú, a kò mọ ẹni tí ó jẹ́ gan-an, ohun tí ikú rẹ̀ ṣe sí akéwì sì ni ewì náà ń wí. John Keats, tí ó kú ní Róòmù ní 1821 ní ẹni ọdún 25, kọ ìfẹ́ rẹ̀ sí Fanny Brawne pẹ̀lú ìbẹ̀rù ẹni tí ó mọ̀ pé àìsàn kò ní jẹ́ kí òun gbé e níyàwó.

Obìnrin gba gègé

Ìgbà Ọbabìnrin Victoria ni ẹjọ́ kejì wá di gbígbọ́ dáadáa. Elizabeth Barrett ti lókìkí gẹ́gẹ́ bí akéwì nígbà tí Robert Browning kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí i ní oṣù kìíní 1845. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ òun ṣe ìgbéyàwó, nítorí náà ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n gbà fẹ́ra ní oṣù kẹsàn-án 1846, tí wọ́n sì sá lọ sí Ítálì. Sónẹ́ẹ̀tì 44 tí ó kọ nígbà ìfẹ́sọ́nà jáde ní 1850 lábẹ́ àkọlé Sonnets from the Portuguese, bí ẹni pé ìtumọ̀ ni wọ́n, kí ojú ayé má baà wọ inú ilé wọn jù. Nínú wọn, obìnrin tí kì í ṣe ọ̀dọ́ mọ́, tí ara rẹ̀ kò le, ń ṣe iyèméjì, ń bi ọkùnrin ní ìbéèrè, ń sọ irú ìfẹ́ tí ó lè gbà àti irú èyí tí kò lè gbà. Ewì tí Petrarch fi ń yin ẹni tí kò fèsì ti di ibi tí èsì gan-an ti ń jáde.

Ọkọ rẹ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà. Nínú My Last Duchess, tí ó jáde ní 1842, Robert Browning fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu ọlọ́lá kan tí ó ń fi àwòrán ìyàwó rẹ̀ tí ó ti kú han àlejò, òǹkàwé sì mọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé owú àti ìgbéraga rẹ̀ ni ó pa obìnrin náà lẹ́nu mọ́ títí láé. Ní 1862, George Meredith, tí ìyàwó rẹ̀ ti fi í sílẹ̀, kọ Modern Love, ewì 50 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà 16, nípa tọkọtaya tí ìgbéyàwó wọn ń tú ká láìsí ẹni tí ó jẹ̀bi tán. Ní 1881, Christina Rossetti sọ ọ̀rọ̀ náà láìfi bò. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó fi ṣáájú sónẹ́ẹ̀tì 14 tí ó pè ní Monna Innominata, ó rántí Laura àti àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ tí a yìn, ó sì ro ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí ọ̀kan nínú wọn bá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rúndún ogún àti lẹ́yìn rẹ̀

Nígbà tí Emma, ìyàwó Thomas Hardy, kú ní oṣù kọkànlá 1912, ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń gbé inú ilé kan náà bí àjèjì. Ikú náà sì ṣí orísun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Hardy padà lọ sí Cornwall, níbi tí wọ́n ti pàdé ní 1870, ó sì kọ àwọn ewì tí ó jáde ní 1914, tí àbámọ̀ fi ń bá ìfẹ́ jà nínú wọn. Nínú ọ̀kan, òkú obìnrin náà gan-an ni ó ń sọ̀rọ̀, tí ó ń tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ kiri láìlè jẹ́ kí ó gbọ́ òun.

Lẹ́yìn èyí, ìdánilójú dínkù. T. S. Eliot, ará Amẹ́ríkà tí ó tẹ̀dó sí Lọ́ńdọ̀nù, fi orúkọ orin ìfẹ́ pe ewì rẹ̀ nípa J. Alfred Prufrock ní 1915, ṣùgbọ́n ọkùnrin inú rẹ̀ kò lè béèrè ohun tí ó fẹ́ béèrè rárá. W. H. Auden kọ ewì ìfẹ́ òru kan ní 1937 láìsọ bóyá ọkùnrin ni olólùfẹ́ náà tàbí obìnrin, ní àkókò tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fìyà jẹ ìbálòpọ̀ láàárín ọkùnrin méjì, títí di 1967. Philip Larkin wo ère ọlọ́lá kan àti ìyàwó rẹ̀ tí ó di ọwọ́ mú lórí sàréè wọn ní kàtídírà Chichester, ó sì béèrè bóyá ìfẹ́ ni ó gbẹ́ ọwọ́ náà ni àbí oníṣọ̀nà tí ó gbẹ́ ère.

Carol Ann Duffy, tí ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ oyè Akéwì Ààfin ní 2009, ni ó so òpin ìtàn yìí mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú The World's Wife, tí ó jáde ní 1999, ó fi ohùn fún àwọn ìyàwó tí ìtàn gbàgbé, lára wọn Anne Hathaway, ìyàwó Shakespeare, ẹni tí ìwé ìhágún ọkọ rẹ̀ ti 1616 fi ibùsùn tí ó dára ṣìkejì nínú ilé fún. Sónẹ́ẹ̀tì ni Duffy fi kọ ọ̀rọ̀ obìnrin yìí, irú ewì kan náà tí ọkọ rẹ̀ fi gbayì.

Kì í ṣe pé àwọn akéwì ìgbà òde òní mọ ìfẹ́ ju àwọn tí ó ṣáájú wọn lọ. Ohun tí ó yí padà ni ayé tí ó yí akéwì ká: ilé ìtẹ̀wé gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ààfin, àwọn obìnrin mọ̀wé wọ́n sì rí àyè tẹ̀wé, òfin ìgbéyàwó yí padà, ẹ̀rù òfin sì kúrò lára àwọn tí ó ń fi ọ̀rọ̀ wọn pamọ́. Ilé onílà 14 tí Wyatt gbé wá láti Ítálì kò wó, ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀ ni ó ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ka ewì ìfẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kò gbọdọ̀ ka Wyatt, Sidney tàbí Donne nìkan kí ó pa ìwé dé, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbọdọ̀ kẹ́gàn wọn nítorí pé ẹnu ẹnìkan ni wọ́n sọ. Kí ó ka Wroth lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sidney, kí ó ka Elizabeth Barrett Browning lẹ́gbẹ̀ẹ́ Petrarch, kí ó sì ka Duffy lẹ́gbẹ̀ẹ́ Shakespeare, nítorí pé ẹjọ́ méjèèjì ti wà nílẹ̀ báyìí, ìgbà tí a bá sì gbọ́ méjèèjì ni ẹwà èyí àkọ́kọ́ gan-an ń hàn kedere.